Ta Ló Kàn? Bí A Ṣe Ń Yẹ Àárín Pápá Wò Kí Sáà Bọ́ọ̀lù Tuntun Tó Bẹ̀rẹ̀

Bí sáà tuntun bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ atamátàsé ló máa ń gba ẹnu àwọn èèyàn nílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Igbó-Ọrà àti Ẹrúwà. Ta ni Shooting Stars rà? Ta ni yóò máa gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n? Ẹni tó ń béèrè pé ta ni yóò dúró níwájú àwọn adẹ̀yìnmú, ìyẹn nọ́mbà 6, kò wọ́pọ̀. Ẹni tó ń béèrè pé bí nọ́mbà 6 bá fara pa, ta ló kàn, ló tún ṣọ̀wọ́n jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni sáà ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò ní atamátàsé gidi ṣì lè máa ta ọ̀mì kiri. Èyí tí àárín rẹ̀ bá ṣófo, góòlù ni yóò máa jẹ, tí wọ́n á sì máa bú adílémú tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ni a kọ orí ìwé yìí fún. Àkọ́kọ́ ni olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó fẹ́ mọ bí sáà yóò ṣe rí kó tó máa náwó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Èkejì ni kóòṣì ọ̀dọ́ ní Lánlátẹ̀, Ìdèrè tàbí Àyétẹ̀, tí ọmọ méjìdínlógún wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì mọ ibi tí yóò fi kálukú sí. Ẹ̀kẹta ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tí wọ́n ní kó wá sọ irú agbábọ́ọ̀lù tó yẹ kí wọ́n wá kún ti ilẹ̀. Ìwé kan, bírò kan àti àyè láti wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tàbí méjì ni ẹ nílò. Òfin kan ṣoṣo ló sì wà nídìí gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ: a kì í ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ mọ iṣẹ́ kí ẹ tó ka orúkọ

Ẹni tó bá ní “ẹgbẹ́ wa ní ọmọ àárín mẹ́jọ” kò tíì sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà láàárín pápá, ó sì yẹ kí a mọ ẹni tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ kìíní ni ti ẹ̀ṣọ́, òun gan-an ni nọ́mbà 6. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹ̀ṣọ́ tó mọṣẹ́, ẹ má wo bọ́ọ̀lù rárá. Ẹ dúró de ìgbà tí adẹ̀yìnmú ọwọ́ òsì bá sáré gòkè lọ bá àwọn atamátàsé, kí ẹ wá gbójú lé ẹ̀ṣọ́ yìí. Ojú gbogbo èèyàn wà lọ́dọ̀ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n òun ti ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sápá òsì tó ṣófo. Á bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, á bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì, á na ọwọ́ sí ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá dí àárín fún òun. Bí àwọn alátakò bá já bọ́ọ̀lù gbà tí wọ́n sì gbé e sápá òsì yẹn, wọ́n á bá a níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí wàhálà tó dá dúró kò ṣojú ẹnì kankan.

Iṣẹ́ kejì ni ti asáré, tí wọ́n ń pè ní nọ́mbà 8. Ó ń bá wọn gbé bọ́ọ̀lù lọ iwájú, ó sì gbọ́dọ̀ padà délé kí ewu tó dé. Ẹ̀dọ̀fóró àti iṣan ẹsẹ̀ ni owó tó ń ná. Iṣẹ́ kẹta ni ti olùpín: ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn adẹ̀yìnmú nígbà tí àwọn alátakò ń lé e bọ̀, tó ń gbórí sókè, tó sì ń fi í ránṣẹ́ síbi tó yẹ láìfara balẹ̀ jù. Ẹlòmíràn lè ṣe méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa kò ní pẹ́ nínú líìgì wa kí ẹgbẹ́ òkè òkun tó wá mú un lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí kóòṣì ṣe ń to ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 4-2-3-1 ló ń lò, àyè méjì ló wà níwájú àwọn adẹ̀yìnmú mẹ́rin. Bó bá jẹ́ 4-3-3, àyè ẹ̀ṣọ́ kan ló wà, àwọn asáré méjì sì wà lókè rẹ̀. Bó bá jẹ́ adẹ̀yìnmú mẹ́ta ló ń tò sẹ́yìn, méjì ni wọ́n sábà máa ń dúró láàárín, àwọn yẹn kì í sì í sinmi. Iye àyè yìí ni ẹ ó fi díwọ̀n iye èèyàn. Ẹgbẹ́ tí ọmọ àárín mẹ́rin tó fún lábẹ́ ètò kan lè ní àìtó lábẹ́ òmíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún akíkanjú tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Muda Lawal ni ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan nínú àwọn òpó IICC Shooting Stars ni, ìyẹn ẹgbẹ́ Ìbàdàn tó gba ife àwọn tó gba ife nílẹ̀ Áfíríkà ní 1976, tó sì jẹ́ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ àárín ni, ṣùgbọ́n nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3-0 ní àṣekágbá ife Áfíríkà ní 22 oṣù Kẹta 1980, òun ló gbá góòlù kẹta sáwọ̀n lẹ́yìn tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti gbá méjì wọlé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń dí ẹ̀yìn, ó tún ń jẹ iwájú. Ọjọ́ tí kò bá sí, àyè méjì ló ṣófo, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀ jẹ́ nínú ìwé. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìdùnnú ni, ewu sì ni.

Ẹ ka ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀

Bí sáà bá pé, ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú líìgì àgbà wa, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì gbá. Bí àyè ẹ̀ṣọ́ bá jẹ́ méjì, ẹ ti ní ìgbà 76 tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wá lọ wo iye tí ẹni àkọ́kọ́ yín gbá ní sáà tó kọjá. Ká ní 30 ni. Ká ní ẹnì kejì gbá 26. Àpapọ̀ jẹ́ 56. Ó ku 20. Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn nìyẹn: ta ló máa gbá 20 yìí? Bí ẹ bá rí orúkọ méjì tó dájú, ó dára. Bó bá jẹ́ “a ó rí ẹnì kan fi síbẹ̀” ni ìdáhùn yín, ẹ ti rí ibi tí sáà yín yóò ti kọsẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé líìgì nìkan kọ́. Ìdíje Federation Cup wà níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá sì ń ṣojú Nàìjíríà nílẹ̀ Áfíríkà, ìrìnàjò àlọ àti àbọ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀nà jíjìn náà wà níbẹ̀: bí ẹgbẹ́ Kánò tàbí Maiduguri bá wà nínú líìgì, ẹni tó gbéra láti Adámásingbà nínú bọ́ọ̀sì kò lè débẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó fúyẹ́. Asáré ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Ní ìṣẹ́jú 60, ẹ ó rí i tó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú.

Káàdì ni ohun mìíràn. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni láti dá ìsáré alátakò dúró, nígbà mìíràn ó ní láti fà á láṣọ. Nítorí náà òun ni rẹfirí máa ń fún ní káàdì ìyẹ́lò ju gbogbo wọn lọ. Láti 2022 ni òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti fìdí ìpààrọ̀ márùn-ún múlẹ̀, èyí sì ran kóòṣì lọ́wọ́: ó lè yọ ẹ̀ṣọ́ tó ti gba káàdì kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò wúlò fún ẹgbẹ́ tí kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ fa ìlà sí ìwé

Nínú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré, àwọn ẹgbẹ́ líìgì NFL ní Amẹ́ríkà kò gbọ́dọ̀ ju agbábọ́ọ̀lù 53 lọ nígbà tí sáà bá bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan wà tí wọ́n ń kọ àyè kọ̀ọ̀kan sí pẹ̀lú ẹni kìíní, ẹnì kejì àti ẹni kẹta níwájú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pè ní linebacker ń dúró lẹ́yìn ìlà iwájú, wọ́n sì wà níwájú àwọn tó kẹ́yìn. Ipò wọn jọ ti ẹ̀ṣọ́ tiwa gan-an. Ẹ jẹ́ ká yá ìwé yẹn lò.

Ẹ fa ìlà mẹ́ta lóòró. Ẹ kọ “ẹni kìíní” sókè ìlà àkọ́kọ́, “ẹnì kejì” sókè ìkejì, “ẹni kẹta” sókè ìkẹta. Ẹ wá kọ àyè kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, láti ọ̀dọ̀ adílémú títí dé ọ̀dọ̀ atamátàsé. Ẹ má kọ àárín nìkan. Ìdí rẹ̀ yóò hàn láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ẹgbẹ́ kan tí a fi ọkàn dá ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì fi oríkì pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ń lo 4-2-3-1. Nígbà tí akọ̀wé kọ́kọ́ ka àwọn tó lè dúró láàárín fún wa, mẹ́fà ló kà: Àjàní tí í ṣe ẹ̀ṣọ́, Àkànní tí í ṣe asáré, Àlàó tí í ṣe ẹ̀ṣọ́ kejì, Àyìnlá tó lè sáré láàárín tó sì tún lè ṣe adẹ̀yìnmú ọ̀tún, Àkànbí tí í ṣe adẹ̀yìnmú àárín tí kóòṣì ní “ó lè gbá nọ́mbà 6 bó bá di dandan”, àti Àdìó, ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ gòkè wá. Ẹni mẹ́fà fún àyè méjì. Ta ló máa ní kò tó?

Ẹ wá lo òfin wa. Nígbà tí ẹ bá débi adẹ̀yìnmú ọ̀tún lórí ìwé, ẹ ó rí i pé kò sí ẹnì kejì níbẹ̀ àfi Àyìnlá. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì pa á rẹ́ láàárín. Àkànbí ni ẹni kìíní níbi adẹ̀yìnmú àárín. Ẹ pa òun náà rẹ́. Àlàó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ látinú iṣẹ́ abẹ orúnkún, kò sì tíì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan parí. Ẹ fi àmì ìbéèrè síwájú rẹ̀. Àdìó kò tíì gbá bọ́ọ̀lù líìgì rí. Ẹ fi àmì kan náà síwájú rẹ̀. Mẹ́fà ti di méjì tó dájú àti méjì tó ní àmì ìbéèrè.

Àgbẹ̀ Ìbàràpá kì í ka iṣu èèbù mọ́ iṣu tí yóò jẹ. Ìdí kan náà ni a fi ní kí ẹ kọ gbogbo pápá sórí ìwé. Bí Àjàní bá gba káàdì pupa lónìí, tí kóòṣì sì fa Àkànbí wá síwájú ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ihò àárín ti dí, ṣùgbọ́n òmíràn ti lu sí ẹ̀yìn. Ẹni tí wọ́n á wá fi dí ẹ̀yìn lè jẹ́ ẹni tí kò dúró níbẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ẹnì kan tó lọ, àyè méjì ló fi bàjẹ́. Ní Igbó-Ọrà níbi tí ìbejì pọ̀ sí ju ibi gbogbo lọ yìí pàápàá, ẹni méjì lè jọra títí ìyá wọn á fi ṣì wọ́n pè, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè dúró níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá rò pé ẹgbẹ́ olówó kò lè ṣe irú àṣìṣe yìí, ẹ wo Manchester City. Wọ́n ti gba líìgì Ìlú Ọba nígbà mẹ́rin léraléra láti 2021 sí 2024. Ní 22 oṣù Kẹsàn-án 2024, Rodri, ẹ̀ṣọ́ wọn, ṣe orúnkún léṣe nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Arsenal. Kalvin Phillips tí wọ́n rà láti máa ràn án lọ́wọ́ ti wà lọ́dọ̀ Ipswich tí wọ́n yá a fún. Orúkọ àwọn ọmọ àárín tó kù kò kéré, ẹni ńlá sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, wọ́n ti pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún tẹ̀léra. Ipò kẹta ni wọ́n parí sí. Nígbà tó di oṣù Kejì 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ra Nico González lọ́wọ́ Porto.

Ẹ bi orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́rin

Ìkínní: ara rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má béèrè bóyá ara rẹ̀ yá lónìí. Ẹ béèrè iye ìgbà tó fara pa ní sáà méjì tó kọjá àti ibi tó ti fara pa. Ẹni tí iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mejì lè já ẹ̀ẹ̀kẹta. Orúnkún tí wọ́n ti là nílò oṣù gígùn kó tó padà sípò, ọkàn ẹni tó ni ín sì lè máà tíì padà nígbà tí orúnkún ti padà. Ẹ ó mọ̀ bó bá ń yẹra fún ìkọlù.

Ìkejì: ọjọ́ orí rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù àti ọjọ́ orí ilé kì í fìgbà gbogbo bára mu. Ẹ gbé ìwé tì, kí ẹ wo ẹsẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ lè dàgbà kó sì máa dára sí i, nítorí ojú àti ọgbọ́n ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Asáré kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọdún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dín kù, gbogbo ayé ló máa rí i.

Ìkẹta: ṣé ó ń bá wa gbé títí sáà yóò fi parí? Ẹ wo ìgbà tí ìwé àdéhùn rẹ̀ yóò tán, kí ẹ sì ṣí etí yín sílẹ̀ sí ẹni tó ń wá a. Leicester gba líìgì Ìlú Ọba ní 2016, N'Golo Kanté sì ni ẹ̀ṣọ́ tó ń já bọ́ọ̀lù gbà fún wọn. Chelsea rà á lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ́dún náà. Nampalys Mendy tí wọ́n rà fara pa ní kété tí sáà bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì tó gba ife náà, Claudio Ranieri, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kejì 2017, ẹgbẹ́ náà sì parí ní ipò kejìlá, nígbà tí Chelsea pẹ̀lú Kanté gba líìgì. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n padà fi dí ihò náà: Wilfred Ndidi, tó ti Nathaniel Boys ní Èkó lọ sí Genk ní Bẹ́ljíọ̀mù, tó sì dé Leicester ní oṣù Kìíní 2017. Bí wọ́n bá ti rà á kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè tí ìwé wa wà fún gan-an nìyẹn.

Ìkẹrin: ìwà rẹ̀ lórí pápá ńkọ́? Ẹ ka káàdì rẹ̀, kí ẹ sì ya èyí tó gbà nítorí ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gbà nítorí ẹnu. Ẹni tó fa alátakò láṣọ kí wọ́n má bàa jẹ góòlù ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bá rẹfirí jà ní ìṣẹ́jú 85 nígbà tí wọ́n ti ń borí, ẹ fi àmì ìbéèrè síwájú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ wúrà.

Ẹ lọ fi ojú ara yín rí i

Ìwé nìkan kò tó. Ẹ wá ọjọ́ kan tí ẹgbẹ́ yóò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, kí ẹ lọ wò ó. Ẹni tó bá ń ti Igbó-Ọrà bọ̀ lè gba Ẹrúwà àti Ìdó wọ Ìbàdàn, kó sì tètè gbéra, nítorí ìdajì àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ní pápá ìṣeré Lekan Salami ní Adámásingbà, ẹ jókòó sókè, kí ẹ sì dojú kọ ìlà àárín pápá. Ẹni tó bá jókòó nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà á rí ẹsẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò ní rí àyè, àyè sì ni ẹ wá wò.

Ẹ fi ogún ìṣẹ́jú wo ẹ̀ṣọ́ nìkan. Nǹkan márùn-ún ni kí ẹ kọ sílẹ̀:

1. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣé ó ti bojú wẹ̀yìn? Ẹni tí kò bá bojú wẹ̀yìn, wọ́n á já a gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

2. Bí adẹ̀yìnmú bá gòkè, ṣé ó lọ dí ibẹ̀ fúnra rẹ̀ àbí ìgbà tí kóòṣì bá pariwo ló tó lọ?

3. Bí ẹgbẹ́ bá pàdánù bọ́ọ̀lù, kí ni ó ṣe láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́? Ṣé ó sáré padà, ó lọ pàdé, àbí ó gbé ọwọ́ sókè tó ń ṣàròyé?

4. Bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ láti orí lẹ́yìn ìfọ̀rígbá, ta ló ń he é? Nínú líìgì wa tí bọ́ọ̀lù òkè pọ̀ sí, ẹni tó ń he bọ́ọ̀lù kejì ló ni pápá.

5. Ṣé ó ń sọ̀rọ̀? Ẹ̀ṣọ́ tó dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ń fi ojú ara rẹ̀ nìkan ṣọ́lé.

Ìdajì kejì ni ìgbà tí kóòṣì máa ń kó àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé nígbà náà. Ẹ má lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ ó rí ẹnì kejì àti ẹni kẹta lójú ara yín. Ẹ béèrè ohun márùn-ún kan náà nípa wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí àwọn adẹ̀yìnmú ṣe ń ṣe nígbà tí ẹni kìíní ti jáde. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn tí wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù jù síwájú láìwojú ẹnì kankan, wọ́n ti fi yé yín pé ọkàn wọn kò balẹ̀ sí ẹni tó wọlé. Ẹ gba ẹ̀rí wọn ju ti kóòṣì lọ.

Bí ẹ bá rí ihò

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà.

Rírà ni àkọ́kọ́, òun ló sì wọ́n jù. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ra iṣẹ́, ẹ má ra orúkọ. Real Madrid ta Claude Makélélé fún Chelsea ní 2003, lọ́dún kan náà tí wọ́n ra David Beckham. Orúkọ ńláńlá kún iwájú wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá wọn ṣọ́ ẹ̀yìn ti lọ. Ipò kẹrin ni wọ́n bá ara wọn nígbà tí sáà parí. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè wá ẹ̀ṣọ́ nínú líìgì NNL tó wà lábẹ́ ti àgbà. Ẹni tó ti gbá sáà kan tàbí méjì lórí pápá eléruku níbẹ̀ kì í bẹ̀rù ìkọlù.

Ọ̀nà kejì ni kí a gbé ọmọdé gòkè. Bí ẹ bá yàn án, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹni kìíní yóò ṣubú kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹ ti ń borí, ẹ tún un ṣe, kí ojú rẹ̀ lè là. Ẹ̀yin kóòṣì ní Ìbàràpá, ibi tí iṣẹ́ yín ti wúlò jù lọ rèé. Nínú ọmọ méjìdínlógún yín, mẹ́wàá ló fẹ́ jẹ́ atamátàsé. Ẹ wá ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ, kí ẹ fi í síwájú àwọn adẹ̀yìnmú, kí ẹ sì máa yìn ín lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù tó já gbà. Bí ẹ kò bá yìn ín, yóò sá lọ síwájú.

Ọ̀nà kẹta ni kí a kọ́ adẹ̀yìnmú níṣẹ́ àárín. Ó ṣeé ṣe: adẹ̀yìnmú ni Ndidi gan-an nígbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n adẹ̀yìnmú kẹta tàbí ìkẹrin ni kí ẹ mú, kì í ṣe ẹni kìíní. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ihò kan náà ni ẹ kàn ń gbé kiri.

Ọ̀nà kẹrin ni kí a yí ètò ìdúró padà. Ní ife Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Côte d'Ivoire ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, Ndidi fara pa, wọ́n sì pe Alhassan Yusuf rọ́pò rẹ̀. José Peseiro kò wá ẹni tí yóò ṣe bíi Ndidi. Láti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, ó to adẹ̀yìnmú àárín mẹ́ta sẹ́yìn, tí èrò ẹ̀yìn fi pọ̀ sí i tí ẹrù àárín sì fi fúyẹ́ díẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tẹ̀léra ni Nàìjíríà gbá láìjẹ góòlù kan, a sì dé àṣekágbá kí Côte d'Ivoire tó nà wá ní 2-1. Ètò rere lè bo ihò, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kò bá ní adẹ̀yìnmú àárín mẹ́ta tó dájú, ọ̀nà yìí kò sí fún yín. Ẹ padà lọ wo ìwé yín kí ẹ tó dán an wò.

Ìdájọ́

Ẹ wá dá ẹjọ́ ẹgbẹ́ yín. Bí àyè àárín kọ̀ọ̀kan bá ní ẹni méjì tó dájú, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì sí níbòmíràn lórí ìwé, ẹgbẹ́ náà dúró dáadáa. Bí ẹni kìíní bá dájú ṣùgbọ́n tí àmì ìbéèrè wà níwájú gbogbo ẹni tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ náà ń tọrọ àlàáfíà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó lè rí i gbà, ó sì lè máà rí i. Bí ẹni kìíní gan-an bá ní àmì ìbéèrè, ẹ má fi owó ẹyọ kan ta tẹ́tẹ́ lé ẹgbẹ́ náà lórí, bó ti wù kí atamátàsé rẹ̀ mọ̀ ọ́n gbá tó.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ Shooting Stars, ẹ rántí pé ẹgbẹ́ tó gba ife Áfíríkà ní 1976 yẹn kan náà ló já bọ́ kúrò nínú líìgì àgbà ní 2017, tí kò sì padà síbẹ̀ títí di 2021. Ìtàn kì í dí àárín pápá. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe ìwé yìí sókè rẹ̀, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹwàá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìdajì sáà kí àyè àti ra agbábọ́ọ̀lù tó tì. Ẹni tó ti fara pa, ẹ pa á rẹ́. Ọmọdé tó ti fi hàn pé òun tó o, ẹ nu àmì ìbéèrè kúrò níwájú rẹ̀. Nígbà náà, bí wọ́n bá ń jiyàn atamátàsé nílé ìwòran, kí ẹ fi ìwé yín sórí tábìlì, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè pé bí nọ́mbà 6 bá ṣubú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ló kàn.